Master Bedroom Mẹ́rin, Store Kan

Bí ẹ bá gba Ìkòsì kọjá ní nǹkan bí ọdún 2004, tí ẹ rí pátákó alágbàtà ilé tí wọ́n kọ ACCOMMODATION sí, tí C rẹ̀ pé méjì, tí M rẹ̀ náà pé méjì, ẹ má wulẹ̀ yin alágbàtà. Oyèṣọlá àtíìsì ló ti débẹ̀. Bí Oyèṣọlá bá rí ACCOMMODATION tí M rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Yóò gbé búrọ́ọ̀ṣì, yóò lọ fún M náà ní èkejì lọ́fẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wá ìyàwó fún àpọ́n.

Lẹ́tà kíkọ sára ògiri àti pátákó ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìsẹ́yìn ló ti wá sí Kétu, ohun tó sì gbé wá kò ju àpò aṣọ kan lọ àti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan tí eku ti jẹ láti W dé Z. Ìdí nìyí tí àdúrà fi máa ń ṣáájú bí wọ́n bá ní kó kọ WARDROBE tàbí WINDOW. Ṣùgbọ́n láti A dé V, ta ni í bá a wí? Kò sí ohun tó wà nínú ilé èèyàn tí Oyèṣọlá ò lè fi Gẹ̀ẹ́sì pè, kó sì gún régé.

"Ẹ má pè é ní self-contain mọ́, Ọ̀gá mi. Self-contained ni."

"Ṣé yàrá náà máa fẹ̀ sí i bí mo bá fi ED kún un?" alágbàtà kan bi í.

"Parlour yín yìí náà, U wà nínú rẹ̀."

"Kí U yẹn wá gba yàrá lọ́wọ́ mi ná, màá kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

Kò gbọ́, kò gbà. Nítorí S tí káfíńtà kan fi sídìí FURNITURE, díẹ̀ ló kù kó jẹ ìgbátí ní Mile 12.

Ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni pé ọkùnrin tó mọ gbogbo orúkọ wọ̀nyí, yàrá kan péré ló ń gbé, nínú ilé face-me-I-face-you kan ní Kétu. Mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, èyí tí òun máa ń rán gbogbo ayé létí pé T méjì àti S méjì ló ní, gbalaja sórí sìmẹ́ńtì ni, kò ní bẹ́ẹ̀dì kankan lábẹ́. Ó dà bí ẹni tó mọ oríkì gbogbo ọmọ ọba tí kò sì fẹsẹ̀ tẹ ààfin rí. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, òun fúnra rẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ lọ bá a, kó tó bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́ kọ, yóò ti fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà tán.

Kúnbi ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Àbí ká kúkú sọ òótọ́: ẹnu Oyèṣọlá ló fà á, Kúnbi kàn dúró níwájú ẹnu náà ni.

Tíṣà ni Kúnbi ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìkòsì. Wọ́n pe Oyèṣọlá kó wá ya àwòrán ilé kan sára ògiri kíláàsì rẹ̀, irú ilé tí wọ́n bó ògiri iwájú rẹ̀ kúrò, kí àwọn ọmọ lè máa rí inú yàrá kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ orúkọ yàrá sí i. Ó yà á. Ó kọ MASTER BEDROOM, ó kọ GUEST ROOM, ó kọ SITTING ROOM, DINING ROOM, LIBRARY, KITCHEN àti STORE. Wọn ò tiẹ̀ ní kó ya BALCONY, ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Lẹ́tà rẹ̀ ń dán bíi bàtà ṣọ́jà.

Kúnbi dúró tì í, ó ń wo ògiri, ó ń wo ọkùnrin.

"Brother Ṣọlá, ẹ ò wo ìwé kankan kẹ́ ẹ tó kọ gbogbo èyí?"

"Ìwé kẹ̀? Ohun téèyàn ń rí lójoojúmọ́."

"Ṣé bí ilé tiyín náà ṣe rí nìyí ni?"

Ibi tó yẹ kó ti sọ pé rárá nìyẹn. Rárá ò le pè, ọmọ ọwọ́ ń pè é. Ṣùgbọ́n Oyèṣọlá wo ojú Kúnbi, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lára ògiri, orí rẹ̀ wú, ó ní, "Ó jọ ọ́ gan-an. Àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀."

Àwọ̀ nìkan! Títí dòní, bó bá sọ ọ́ débẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló máa fi ń di orí ara rẹ̀ mú.

Ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Kúnbi kì í lọ sílé ọkùnrin, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá rẹ̀ le ni, nítorí náà ilé aláwòrán yẹn ń dàgbà lẹ́nu Oyèṣọlá láìsí ẹni tó máa wó o. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Kúnbi lọ sọ fún bàbá rẹ̀.

Bàbá Adékọ̀yà ni bàbá Kúnbi, Mile 12 ni wọ́n sì ti ń ta tòmátì. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè Ọya ni wọ́n sì ti ń ra ọjà. Ẹni tó bá mọ ọjà náà mọ̀ pé tòmátì tó pupa wẹ̀ẹ̀ ló ń wà lójú apẹ̀rẹ̀, tí èyí tó ti fọ́ á sùn sí ìdí. Bàbá Adékọ̀yà kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, wọn kì í sì í ti ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ò ju ẹyọ kan lọ: "Dà á sílẹ̀." Ẹni tó ni ín ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ dà á sórí tapólì, kí gbogbo wọn jọ wò ó. Ẹni tó bá dà á, wọ́n á bá a dúnàá dúrà, ì báà tiẹ̀ fọ́. Ẹni tí kò bá dà á, wọ́n á kọjá lọ. Bàbá Dà-á-Sílẹ̀ ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n.

Wọ́n ní kí Kúnbi sọ fún ọmọkùnrin náà pé kí ẹbí tó mọ ẹbí, òun a kọ́kọ́ fojú rí ibi tí ọmọ òun máa sùn. Sátidé sanitation, bí wọ́n bá ti ní kí ọkọ̀ máa rìn, òun ń bọ̀.

Sátidé yẹn, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni. Ẹlòmíì ì bá sá padà sí Ìsẹ́yìn. Ẹlòmíì ì bá lọ sọ òótọ́. Oyèṣọlá lọ po pẹ́ńtì.

Yàrá márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wọn. Bàbá Oyèwùmí wà ní ọ̀kan, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì pẹ́ níbẹ̀ ju páànù orí ilé lọ. Sẹ̀kínát tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́nu géètì wà ní ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Nojeem bíríkìlà ní ọ̀kan, Clara onídìrí, ọmọ Warri, ní ọ̀kan, Oyèṣọlá ní ọ̀kan. Yàrá kẹfà ti wó, ìjì ti gbé òrùlé rẹ̀ lọ, ewúrẹ́ onílé ló ń sùn síbẹ̀.

Èrò rẹ̀ ni pé bí òun bá kọ orúkọ sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bíi ti ara ògiri kíláàsì, tí àwọn tó kù bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí fún wákàtí kan, Bàbá Adékọ̀yà á rò pé ilé ẹnìkan ni. Ẹ má bi mí pé ọgbọ́n wo nìyẹn. Òun náà ti ń bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tí gbogbo wọn wà níbi iṣẹ́, ó kọ SITTING ROOM sára ògiri kọ́rídọ̀, níbi tí bẹ́ǹṣì Bàbá Oyèwùmí wà. Ó kọ KITCHEN sí ilé ìdáná tó ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Yàrá tó wó, ó kọ BALCONY sí i. Bàbá Oyèwùmí gba GUEST ROOM, Sẹ̀kínát gba DINING ROOM. Nojeem, tí kò ní ìwé kankan ju kàlẹ́ńdà oníbíà lọ, gba LIBRARY. Clara gba STORE. Oyèṣọlá wá fi sùúrù kọ MASTER BEDROOM sí ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó tilẹ̀ fi ìlà wúrà yí i ká.

Ìrọ̀lẹ́ dé, àwọn ayálégbé dé.

"Ṣọlá, kí lo kọ sí mi nílẹ̀kùn?" Nojeem pariwo. "Ṣé wọ́n ti ta ilé ni?"

Oyèṣọlá kúnlẹ̀, ó rò fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní kí wọ́n ṣáà gba òun là, ọ̀la nìkan ni. Àánú rẹ̀ ì bá ṣe wọ́n, bí kì í bá ṣe pé Clara bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"Store? Na me be store?" Clara ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣọlá, ṣé mo jọ gàrí lójú ẹ ni?"

"Kí ni tèmi ń jẹ́?" Sẹ̀kínát béèrè.

"Dining room, Aunty Sẹ̀kínát. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun."

"Ẹ gbà mí! Ọmọ mẹ́rin tí mò ń bọ́ ò tíì tó, o tún fẹ́ máa darí gbogbo Kétu sí mi kí wọ́n wá jẹun?"

Bàbá Oyèwùmí ò pariwo. Wọ́n wọ dígí ojú wọn, wọ́n sún mọ́ ilẹ̀kùn wọn, wọ́n tún bọ́ dígí náà.

"Guest, àlejò nìyẹn, àbí mo ṣì í?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi. Tí mo ti wà níbí kí bàbá ẹ tó fi ojú kan ìyá ẹ. Èmi ni àlejò."

Jẹ́jẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ yẹn ló ba Oyèṣọlá lẹ́rù jù.

"Ta wá ni master?" Nojeem béèrè. Ojú gbogbo wọn yí lẹ́ẹ̀kan náà sí ilẹ̀kùn tó ní ìlà wúrà. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, ó jí ewúrẹ́ nínú BALCONY.

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni ìpàdé. Sẹ̀kínát ní bí òun ò bá di master, àárín SITTING ROOM lòun máa wẹ àwọn ọmọ òun sí lọ́la. Nojeem ní ṣòkòtò pénpé lòun máa wọ̀ jókòó síwájú ilé, òun á sì máa kí bàbá ìyàwó káàbọ̀. Bàbá Oyèwùmí ò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, wọ́n kàn gbé bẹ́ǹṣì wọn wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ni Oyèṣọlá wí, omijé ti ń bọ̀. "Ilé kan ò lè ní master bedroom mẹ́rin! Ìlò rẹ̀ ò tọ̀nà!"

"Ìlò kí ni?" Nojeem ní. "Kọ ọ́. Tó bá ti lè wọ ara ilẹ̀kùn, ó tọ̀nà nìyẹn."

Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. MASTER BEDROOM fún Bàbá Oyèwùmí, MASTER BEDROOM fún Sẹ̀kínát, MASTER BEDROOM fún Nojeem, MASTER BEDROOM fún Clara, tó ní kó yí ìlà wúrà tòun po lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé ó tán.

"E never finish," Clara wí. "Store tó o fi pa mọ́ fún mi ńkọ́? Oya, gbé e sára ilẹ̀kùn tìẹ."

Bí ọ̀gá sípẹ́lì ṣe sùn nínú STORE lọ́jọ́ Jímọ̀ nìyẹn o.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Wọ́n kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, Bàbá Adékọ̀yà wọlé dé tàwọn ti bàtà rọ́bà Mile 12 tó kún fún ẹrẹ̀, Kúnbi lẹ́yìn wọn pẹ̀lú gèlè kékeré. Oyèṣọlá ti de táì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọrọgidi, táì náà kan omi.

"Ẹ káàbọ̀ sí ibùgbé mi, sà."

"Ìyìn fún Olúwa. Dìde."

Bàbá náà lọ sí Modern School nígbà èwe, wọ́n mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á sínú. Wọ́n dúró lẹ́nu kọ́rídọ̀, wọ́n gbé ohùn sókè bí ẹni ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Master bedroom." Wọ́n yíjú sí òdìkejì: "Master bedroom." Wọ́n sún síwájú: "Master bedroom. Hẹn-ẹn. Master bedroom."

Wọ́n wo Oyèṣọlá.

"Ilé yìí mà le o. Ọ̀gá mẹ́rin. Ta ló ń gbálẹ̀?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn Nojeem, ó sì dà á di ikọ́. Nígbà náà gan-an ni ewúrẹ́ jáde láti inú BALCONY, ó gba àárín SITTING ROOM kọjá láìwo ẹnikẹ́ni, ó wọ KITCHEN lọ bí ẹni tí kò jẹ onílé ní gbèsè kankan rí.

Kúnbi ò rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ló ń wò. Ó mọ ọwọ́ náà, ọwọ́ tó wà lára ògiri kíláàsì rẹ̀ ni. Ó wo BALCONY, ó rí ojú ọ̀run nínú rẹ̀.

"Brother Ṣọlá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀, àbí?"

Oyèṣọlá ní ká sọ pé bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, òun á kọ́kọ́ kọ ENTRANCE sí i, òun á sì wọlé.

Bàbá Adékọ̀yà na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn tó sún mọ́ wọn, wọn ò ṣí i. Wọ́n kàn fi ìka kan pẹ́ńtì náà bóyá ó ti gbẹ.

"Kúnbi sọ fún mi pé o kì í ṣi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Òótọ́ ni. Mi ò rí lẹ́tà kan tó ṣìnà níbí." Wọ́n nu ìka wọn. "Wàyí, dà á sílẹ̀."

"Sà?"

"Mo ní kó o dà á sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Pè é ní Yorùbá fún mi, ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an. Bí ẹyọ kan bá kù ní ìdí apẹ̀rẹ̀, èmi àti ọmọ mi ti ń lọ nìyẹn."

Gẹ̀ẹ́sì ti bo Oyèṣọlá bí agbádá láti ìgbà tó ti mọ Kúnbi. Ní Yorùbá, ìhòòhò ló wà. Ó wo Kúnbi bóyá ó máa bá òun bẹ̀bẹ̀, Kúnbi ń wo ewúrẹ́. Ó bọ́ táì.

"Èyí... yàrá Bàbá Oyèwùmí ni, sà. Àwọn nìkan ló ń gbébẹ̀. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi."

Ilẹ̀kùn ṣí. "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá ìyàwó," Bàbá Oyèwùmí wí, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wọn padà síta.

"Èyí, yàrá Aunty Sẹ̀kínát àtàwọn ọmọ wọn mẹ́rin."

"Àti dúrọ́ọ̀mù kẹrosíìnì," Sẹ̀kínát fi orí yọ. "Má fo dúrọ́ọ̀mù mi."

"Àti dúrọ́ọ̀mù kẹrosíìnì, sà. Èyí, yàrá Nojeem. Èyí, ti Clara. Ibi tí ẹ dúró sí yìí, ọ̀nà ni, ibi tí gbogbo wa ń gbà kọjá. Ilé ìdáná yẹn, gbogbo wa la ni ín. Èyí... yàrá tó wó ni, sà. Ewúrẹ́ ló ń gbébẹ̀, kò tiẹ̀ sí ẹni tó lè lé e."

"Ó ku ọ̀kan."

Ó ń wá Yorùbá tó máa fi pè é. Òun tó ti kọ́ gbogbo ìgboro Ìkòsì ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín flat àti mini flat.

"Èyí tí wọ́n kọ STORE sí ni tèmi, sà. Òun nìkan ni mo ní. Mo puró fún Kúnbi. Ilé tí mo sọ fún un, òun náà ni mo yà sára ògiri kíláàsì rẹ̀. Mi ò gbé irú ẹ̀ rí."

Clara fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Adékọ̀yà ṣí STORE, wọ́n wọlé. Mátírẹ́ẹ̀sì wà nílẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì kan kọ́ lára ìṣó, ìwé tí eku jẹ wà lójú wíńdò. Wọ́n jókòó lé agolo pẹ́ńtì kan. Wọ́n fi imú fa afẹ́fẹ́.

"Pẹ́ńtì yìí á máa pa èèyàn lórí lóru. Wíńdò yẹn, ṣé ó ń ṣí?"

"Ó ń ṣí, sà. Mo máa ń fi òkúta tì í."

"Hm. Èyí tó fọ́ pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ ẹ o, ọmọkùnrin. Ó pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ lo fi dà á." Wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Kúnbi, èmi ti wò ó tán. Ìwọ lo máa gbé e relé. Ṣé wàá rà á?"

Kúnbi fara ti férémù ilẹ̀kùn. Ó wo mátírẹ́ẹ̀sì, ó wo ọkùnrin tí òógùn ń kán lára rẹ̀ bí ṣíbí tí wọ́n yọ nínú ọbẹ̀.

"Màá rà á, Daddy. Ṣùgbọ́n màá yọ owó èyí tó fọ́ kúrò." Ó wá fi ìka na Oyèṣọlá. "Ẹ gbọ́ o, Brother Ṣọlá. Ẹyọ kan sí i báyìí, mo ti dá yín padà sọ́jà."

Nojeem ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Bàbá ìyàwó fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lélẹ̀ kí wọ́n tó lọ: kí wọ́n tó gbé ọmọ òun wá, kí Oyèṣọlá pa gbogbo irọ́ inú ilé náà rẹ́. Oyèṣọlá gbé omi àti búrọ́ọ̀ṣì onírin lọ bá Bàbá Oyèwùmí, Bàbá Oyèwùmí na ọ̀pá sí i. Sẹ̀kínát ní àwọn oníbàárà òun ti ń pe òun ní Madam Master. Clara ti ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ sí Warri. BALCONY nìkan ló rí pa rẹ́, nítorí pé ewúrẹ́ ò mọ̀wé. STORE tirẹ̀, Clara ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìyàwó ilé Adékọ̀yà sin Kúnbi dé, tí orin wọn kún kọ́rídọ̀, ìdí ilẹ̀kùn Bàbá Oyèwùmí ni wọ́n kọ́kọ́ darí rẹ̀ sí. Wọ́n rí MASTER BEDROOM, wọ́n sì rò pé àwọn ti dé.

"Ẹ má yà síbí," Bàbá Oyèwùmí wí látorí bẹ́ǹṣì. "Ọ̀gá ló ń gbébí. Store ni ìyàwó ń lọ."

Wọ́n ya lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn kejì, Sẹ̀kínát lé wọn. Wọ́n ya lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn Clara, Clara ní, "No be here, Mama." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá mẹ́rin ta ìyàwó látaré sí ara wọn títí ó fi dé ìparí kọ́rídọ̀, níbi tí Oyèṣọlá dúró sí pẹ̀lú ike omi.

Wọ́n da omi tútù sí Kúnbi lẹ́sẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn. Ó gbé ojú sókè, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tútù wọ inú STORE, kò dúró kí ẹnikẹ́ni tún tọ́ka ọ̀nà fún òun.